Ta ló ń jogún ta? Ọ̀rọ̀ ipò àti àṣẹ nínú sọ́fítíwíà ilé iṣẹ́

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àbúrò yín ni mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó ní ẹ̀ka mẹ́ta: Tákìé, Sábó àti ẹ̀bá LAUTECH. Nígbà tí a ra sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣe ìṣirò owó, mo dá ipò mẹ́rin sínú rẹ̀: kaṣíà, akọ̀wé ẹ̀yáwó, mánéjà ẹ̀ka àti alága. Mo tò wọ́n léra bí wọ́n ṣe ga jura lọ ní ọ́fíìsì, mo sì ní kí ipò òkè máa jogún àṣẹ ipò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lásìkò kajú tó kọjá, ọ́dítọ̀ rí i pé mánéjà kan kọ ẹ̀yáwó sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, ó sì san owó náà jáde, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò jalè o, ẹni tó yá owó náà wà, ó sì ti ń san án padà, ṣùgbọ́n ọ́dítọ̀ ní kò yẹ kó ṣeé ṣe rárá. Èkejì, kaṣíà kan kúrò ní Sábó lọ sí Tákìé. Mo yọ ọ́ kúrò ní ipò tó wà ní Sábó, síbẹ̀ ó ṣì ń rí ìwé owó Sábó. Ẹ̀kẹta, alága wa ní òun ni olórí, kò sí ohun tí òun kò gbọdọ̀ lè ṣe nínú sọ́fítíwíà náà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàlàyé bí ogún jíjẹ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, kí n lè mọ ibi tí mo ti ṣì í.”

Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ ọ̀rọ̀ náà kedere báyìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa, nítorí náà má dá ara rẹ lẹ́bi jù. Gbólóhùn kan nínú lẹ́tà rẹ ló gbé gbogbo rẹ̀ dání: o ní o to àwọn ipò náà léra bí wọ́n ṣe ga jura lọ ní ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti yẹ̀. Sọ́fítíwíà kò mọ ẹni tó ga. Iṣẹ́ ló mọ̀. Bí o bá fi àtẹ oyè ṣe àtẹ àṣẹ fún un, yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ láìjanpata, yóò sì di iṣẹ́ gbogbo èèyàn ru ẹnì kan ṣoṣo.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà gan-an, “jogún”, nítorí ó máa ń ṣi àwa Yorùbá lọ́nà. Nílé wa, bí wọ́n bá ní ẹnì kan jogún, ẹnì kan ti kú nìyẹn. Ohun tó ní ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti pín in fún àwọn ọmọ, ìbáà jẹ́ ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí. Bí ẹnì kan bá sì ti mú ilé, ẹlòmíràn kò tún lè mú ilé yẹn mọ́. Nínú sọ́fítíwíà, kò sẹ́ni tó kú. Ipò tí wọ́n ń jogún rẹ̀ ṣì wà láàyè, gbogbo àṣẹ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó jogún rẹ̀ sì ń bá a lò ó. Kànga agboolé ni kí o fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, má fi ilẹ̀ bàbá ṣe é. Gbogbo ẹni tí okùn rẹ̀ kan kànga náà ló ń pọn omi níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ jìn sí i lónìí, omi gbogbo wọn pọ̀ sí i lónìí. Bí wọ́n bá dé e, òǹgbẹ gbẹ gbogbo wọn pa pọ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí o bá fi àṣẹ tuntun kan kún ipò kaṣíà, bóyá àṣẹ láti pa rìsíìtì rẹ́, mánéjà àti alága ti gba àṣẹ yẹn ní ìṣẹ́jú kan náà, láìjẹ́ pé o fọwọ́ kan orúkọ wọn. Ọ̀pọ̀ alábòójútó kọ̀ǹpútà kì í rántí èyí nígbà tí wọ́n bá ń fi nǹkan kékeré kún ipò ìsàlẹ̀.

Ohun kejì tó ń dani lójú rú ni ẹni tó ń jogún ẹni. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ló ń jogún bàbá. Kí bàbá jogún ọmọ, a kì í gbàdúrà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fódà ṣe rí nínú Windows: fódà kékeré tó wà nínú ńlá ló ń gba àṣẹ ńlá. Ṣùgbọ́n ní ti ipò, òdì rẹ̀ ni. Ipò òkè ló ń jogún ipò ìsàlẹ̀. Kì í ṣe àṣìṣe ẹni tó kọ sọ́fítíwíà yín. Bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 1992, David Ferraiolo àti Richard Kuhn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwọ̀n àti ìlànà, gbé ìwé kan jáde pé kí a má ṣe máa há àṣẹ fún èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́: kí a fún ipò ní àṣẹ, kí a wá fi èèyàn sí ipò. Lọ́dún 1996, Ravi Sandhu àti àwọn mẹ́ta mìíràn pín ètò náà sí ọ̀nà mẹ́rin. Àkọ́kọ́ jẹ́ ipò lásán. Wọ́n fi ogún jíjẹ kún èkejì. Wọ́n fi ìkálọ́wọ́kò kún ẹ̀kẹta, ìyẹn òfin tó ń sọ pé ẹni tó ní èyí kò gbọdọ̀ ní tọ̀hún. Ẹ̀kẹrin wá pa ogún àti ìkálọ́wọ́kò pọ̀. Ní 2004 ètò yìí di ìlànà ní Amẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ ni ANSI INCITS 359. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, ohun tí mo rí ni pé ẹ ti gba ogún, ẹ kò tíì gba ìkálọ́wọ́kò.

Àpẹẹrẹ tí àwọn Sandhu lò fún ogún jíjẹ yéni dáadáa. Ilé ìwòsàn ni. Dókítà onímọ̀ àkànṣe ń jogún ipò dókítà, dókítà ń jogún ipò òṣìṣẹ́ ìlera. Kí nìdí tí èyí fi bọ́gbọ́n mu? Nítorí dókítà ojú, dókítà ni ná kó tó di ti ojú. Gbogbo ohun tí dókítà lásán lè ṣe, ó yẹ kí òun náà lè ṣe é. Ìbéèrè tó yẹ kí o bi ipò kọ̀ọ̀kan nìyẹn kí o tó fà á mọ́ òmíràn: ṣé ẹni òkè yìí jẹ́ ẹni ìsàlẹ̀ yẹn ná? Mánéjà ẹ̀ka kì í ṣe kaṣíà tó dàgbà. Alábòójútó kaṣíà ni. Ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ga ju èkejì lọ.

Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, mo sì máa ń rántí ààfin tí mo bá ń ṣàlàyé èyí fún àwọn tí mò ń kọ́. Nínú ètò àtijọ́, àwọn ìwẹ̀fà, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ààfin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, ní olórí mẹ́ta. Ọ̀nà Ìwẹ̀fà ń rí sí ìdájọ́. Ọ̀tún Ìwẹ̀fà ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, pàápàá ti Ṣàngó. Òsì Ìwẹ̀fà ló ń dúró fún Aláàfin nínú ọ̀rọ̀ ìlú àti ti ogun. Bí o bá fi ipò tò wọ́n, Òsì ló kẹ́yìn nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún bí ọba níbi tó bá ti ṣojú ọba. Ọ̀nà kò torí pé òun ló ṣáájú gba iṣẹ́ Òsì mọ́ tirẹ̀. Wọ́n ya iṣẹ́ sọ́tọ̀, wọ́n ya ọlá sọ́tọ̀, ìlú sì mọ ẹni tí yóò bi léèrè bí iṣẹ́ kan bá wọ́. Mo gbà gbọ́ pé ẹni tó bá lóye ààfin yẹn ti lóye ìdajì ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń kọ ìwé lé lórí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ mánéjà.

Àṣẹ máa ń ro pọ̀ ni, kì í dín ara rẹ̀ kù. Akọ̀wé ẹ̀yáwó ní àṣẹ láti kọ ẹ̀yáwó sílẹ̀. Kaṣíà ní àṣẹ láti san owó jáde. Mánéjà ní àṣẹ láti fọwọ́ sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò léwu. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ní kí mánéjà jogún àwọn méjì ìsàlẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé ní orí rẹ̀. Ohun tí ẹ fi ènìyàn mẹ́ta ṣọ́ tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ti ń ṣe é. Mo mọ Ògbómọ̀ṣọ́ lásìkò kajú, tí àwọn oníṣòwò ń tò sẹ́nu ọ̀nà láti gba owó kí ọjà má bàa bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Mánéjà yín rí i pé akọ̀wé kò sí níbẹ̀, ó rí bọ́tìnnì, ó tẹ̀ ẹ́. Inú rere ló fi ṣe é. Ẹni tí yóò tẹ̀lé e lórí àga yẹn lè má ní inú rere kankan.

Àtúnṣe rẹ̀ wà ní ipele méjì. Àkọ́kọ́ wà lórí ẹ̀yáwó fúnra rẹ̀: ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ lè fọwọ́ sí i, ẹni yòówù kó jẹ́. Wo inú ètò sọ́fítíwíà yín dáadáa, nítorí púpọ̀ nínú sọ́fítíwíà ìṣirò owó ló ní ibi tí a ti ń tan òfin yìí, tí kò sẹ́ni tó tàn án. Bí ó bá wà, tàn án lónìí kí o tó ka ìyókù lẹ́tà mi.

Èkejì ni kí o tú ipò tí o ti dá, kí o sì tún un dá. Mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ níbí. Mú ipò kaṣíà, kí o kọ gbogbo àṣẹ rẹ̀ sórí ìwé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wàá rí i pé irú méjì ni wọ́n. Àwọn kan jẹ́ wíwò: rírí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, rírí owó tó wọlé lónìí, rírí rìsíìtì. Àwọn kan jẹ́ ṣíṣe: gbígba owó, sísan owó, fífagi lé rìsíìtì. Pín ipò náà sí méjì, kí ọ̀kan máa jẹ́ “kaṣíà-wíwò”, kí èkejì máa jẹ́ “kaṣíà-ṣíṣe”. Kí kaṣíà-ṣíṣe jogún kaṣíà-wíwò, nítorí ẹni tí kò ríran kò lè sanwó. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún akọ̀wé ẹ̀yáwó náà. Lẹ́yìn èyí, jẹ́ kí mánéjà jogún kaṣíà-wíwò àti akọ̀wé-wíwò nìkan, kí o wá fún òun fúnra rẹ̀ ní àṣẹ ìfọwọ́sí. Wàá rí i pé kaṣíà-ṣíṣe ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí okùn tó lọ láti orí rẹ̀ sọ́dọ̀ mánéjà. Nínú ìwé 1996 yẹn, ipò àdáni ni wọ́n pe irú rẹ̀: wọ́n ṣe é kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lè ní ibi tí ọ̀gá rẹ̀ kò ní dá sí. Mánéjà rí gbogbo nǹkan, ó fọwọ́ sí ohun tó yẹ, kò sì lè gbówó.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí akọ̀wé bá ṣàìsàn? Wọn yóò bi ọ́, nítorí náà múra sílẹ̀. Fi ẹlòmíràn tí kì í ṣe mánéjà sí ipò náà fún ọjọ́ mélòó kan, kí o kọ ọjọ́ tí yóò parí sílẹ̀. Bí sọ́fítíwíà bá lè gba ọjọ́ ìparí, kọ ọ́ sínú rẹ̀ kí ó máa yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ìlànà 2004 mọ irú ìkálọ́wọ́kò méjì lórí èyí. Ti àkọ́kọ́ ní ẹnì kan náà kò gbọdọ̀ di ipò méjì kan mú láé. Ogún sì wà nínú ìṣirò yẹn, ìyẹn ni pé ipò tí o jogún dà bí èyí tí wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́ gan-an. Ti èkejì ní o lè di méjèèjì mú, ṣùgbọ́n o kò lè gbé méjèèjì wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ẹgbẹ́ tí owó ọmọ ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti àkọ́kọ́ ni mo fara mọ́.

Nísinsìnyí, kaṣíà tó kúrò ní Sábó. Èyí ló le jù nínú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ọ̀nà tí àṣẹ lè gbà wọlé kì í ṣe ẹyọ kan. O ti ilẹ̀kùn iwájú. Ó lè jẹ́ pé ti ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn wà tó fi ń rí ìwé Sábó. Bóyá wọ́n ti fi í sí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní “gbogbo òṣìṣẹ́”, tí ẹgbẹ́ yẹn sì ní àṣẹ wíwò lórí gbogbo ẹ̀ka. Nínú PostgreSQL, tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà fi ń tọ́jú ìwé wọn, ẹgbẹ́ gbogboogbò kan wà tó ń jẹ́ PUBLIC, gbogbo èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Bí o bá gba àṣẹ kan lọ́wọ́ ẹnì kan, tí PUBLIC sì ní àṣẹ náà, ìwọ kò tíì gba ohunkóhun.

Ó sì lè jẹ́ bí òfin ẹ̀ka ṣe ń pàdé ara wọn. Rántí pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú àṣẹ: ohun tí o lè ṣe, àti ìwé ta ni o lè ṣe é sí. Kaṣíà Tákìé àti kaṣíà Sábó lè ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n ìwé wọn yàtọ̀. Sọ́fítíwíà pọ̀ tó ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú Salesforce, sọ́fítíwíà tí ilé iṣẹ́ fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà, àtẹ ipò wà fún ìwé tí èèyàn lè rí: ẹni òkè ń rí ìwé àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó lè fi ìwé náà ṣe wà níbòmíràn, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní profile àti permission set. Nínú Odoo, sọ́fítíwíà ìṣòwò mìíràn, òfin tí a so mọ́ ẹgbẹ́ máa ń ro pọ̀ ni: bí ẹgbẹ́ kan bá ní “Tákìé nìkan”, tí ẹgbẹ́ mìíràn tí ẹni náà wà bá ní “gbogbo ẹ̀ka”, gbogbo ẹ̀ka ni yóò rí. Èyí tó gbòòrò ló ń borí. Òfin gbogboogbò tí a kò so mọ́ ẹgbẹ́ kankan nìkan ló ń dín in kù.

Àbí kó jẹ́ pé wọn kò so okùn, ẹ̀dà ni wọ́n ṣe. Mo ní ogún inú sọ́fítíwíà dà bí kànga. Òótọ́ ni nípa èyí tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé, lọ́jọ́ tí o bá fi èèyàn sí ipò òkè, wọ́n á da àwọn ipò tí ó jogún lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pọnmi kún kòkò rẹ̀. Bí o bá yọ ipò òkè, omi inú kòkò ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ version Odoo ń ṣe báyìí. Nínú SharePoint, tí ilé iṣẹ́ fi ń pín fáìlì láàárín òṣìṣẹ́, bí o bá gé ogún fódà kan kúrò lára èyí tó wà lókè rẹ̀, yóò ṣe ẹ̀dà àṣẹ òkè sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sì ní gbọ́ ohunkóhun tí òkè bá tún ṣe mọ́. Nítorí náà, lẹ́yìn tí o bá yọ èèyàn kúrò ní ipò kan, tún ṣí ojú ìwé rẹ̀ wò. Má gbà pé ohun tó wọlé pọ̀ ti jáde pọ̀.

Ó tún lè jẹ́ ọ̀rọ̀ wíwọlé lásán. Windows máa ń ka ẹgbẹ́ tí èèyàn wà nígbà tó bá wọlé, yóò sì dì í bí káàdì ìdánimọ̀ tí yóò máa gbé kiri títí yóò fi jáde. Bí o bá yọ ọ́ ní aago mẹ́wàá, tí kò jáde kó tún wọlé, káàdì àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Èyí ni kí o kọ́kọ́ dán wò nítorí kò gba ìṣẹ́jú kan: ní kí arábìnrin náà, tàbí arákùnrin náà, jáde pátápátá kó tún wọlé.

Ìdánwò kan yóò wá ọ, mo sì fẹ́ bẹ̀ ọ́ kí o má gbà fún un. Wàá rí bọ́tìnnì tó ń jẹ́ “deny”, ìyẹn kíkọ̀, wàá ní: kí ni mo ń da ara mi láàmú fún, mo kàn lè kọ̀ fún kaṣíà yìí lórí Sábó. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kíkọ̀ máa ń borí fífún. Bó ṣe rí nìyẹn nínú SQL Server, tí òun náà jẹ́ ibi ìtọ́jú ìwé bíi PostgreSQL. Ṣùgbọ́n kì í rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Nínú fáìlì Windows, èyí tí a kọ sára fáìlì fúnra rẹ̀ ló ń ṣáájú èyí tó jogún. Àbájáde rẹ̀ ni pé fífún tí a kọ sára fáìlì yóò borí kíkọ̀ tó jogún láti òkè. Ẹni tí kò mọ èyí yóò gbé kíkọ̀ sí fódà ńlá, yóò lọ sùn, fáìlì kan nínú rẹ̀ yóò sì wà ní gbangba. Bí o bá ń fi kíkọ̀ tún ogún ṣe, ètò ogún rẹ ló bà jẹ́. Padà lọ tún un ṣe láti ìsàlẹ̀.

Mo ń sọ èyí pẹ̀lú ìrora. Ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí lè rí ọjọ́ ìsinmi ara wọn. Mo rí ipò kan tó ti ní àṣẹ yẹn, mo fà wọ́n mọ́ ọn, ó sì ṣiṣẹ́. N kò wo ohun tí ipò yẹn fúnra rẹ̀ ń jogún. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé ìkẹ́rùsí ti mọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣù, láti orí ọ̀gá àgbà dé orí agbálẹ̀. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń jẹun tẹ́lẹ̀ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Mo tún àṣẹ náà ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tó bàjẹ́ láàárín àwọn méjì yẹn, n kò rí i tún ṣe. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í fa ipò kan mọ́ òmíràn láìjẹ́ pé mo tọ okùn rẹ̀ dé ìdí.

Ó wá ku alága. Má bá a jiyàn lórí agbára, nítorí òótọ́ ni pé àgbà ni, òun sì ni olórí. Ohun tí o máa bá a sọ ni ewu tó wà fún òun gan-an. Nínú PostgreSQL, ẹni tó bá jẹ́ superuser, ìyẹn ẹni tó lè ṣe ohun gbogbo, kì í kọjá níwájú ẹ̀ṣọ́ kankan. Wọn kì í tilẹ̀ wo àṣẹ rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá jí páásíwọ́ọ̀dù irú ẹni bẹ́ẹ̀, bóyá nípasẹ̀ ìsopọ̀ kan tó tẹ̀ lórí fóònù, olè náà ti di alága. Bí owó bá sì sọnù, ẹni àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi léèrè ni ẹni tí kò sí ohun tí kò lè ṣe. Lọ́dún 1975 ni Jerome Saltzer àti Michael Schroeder ti kọ ọ́ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀nba àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà, kó má lé. Bí ó bá fẹ́ gbọ́ òfin, sọ fún un pé Nàìjíríà ti ní òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni láti 2023, ó sì di dandan fún ẹgbẹ́ tó ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti gbèsè àwọn èèyàn lọ́wọ́ láti dáàbò bò wọ́n. Bí ó bá jẹ́ ìtàn ni yóò wọ̀ ọ́ lára, bi í léèrè bóyá Aláàfin ló ń lọ jókòó sí ibodè láti gba owó oníbodè.

Lẹ́yìn náà, fún un ní ohun tó tọ́ sí i, má sì ṣahun. Kó rí gbogbo ẹ̀ka. Kó rí ìròyìn ọ̀sẹ̀ kó tó béèrè. Kó jẹ́ pé ẹ̀yáwó tó bá ju iye kan lọ, iye tí ìgbìmọ̀ yín bá fẹnu kò sí, kò lè jáde láìsí ìfọwọ́sí rẹ̀. Agbára tó yẹ olórí nìyẹn, ó sì tóbi ju kíkọ rìsíìtì lọ. Ní ti àkáǹtì ńlá tó lè ṣe ohun gbogbo, kó má jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú àpòòwé, kí alága àti akápò jọ fọwọ́ sí ẹnu rẹ̀, kí ẹ fi í sínú séèfù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì yí i padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwọ náà wà nínú èyí o, àbúrò mi. Ìwọ tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ máa fi àkáǹtì yẹn ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ.

Kí o tó tú ohunkóhun, ṣe iṣẹ́ kan fún mi ní ọjọ́ Ajé. Má bẹ̀rẹ̀ látorí èèyàn, kí o béèrè ohun tí ó lè ṣe, wàá sú. Bẹ̀rẹ̀ látorí àṣẹ mẹ́ta tó kan owó: kíkọ ẹ̀yáwó, fífọwọ́ sí i, sísan án jáde. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lè ṣe é lónìí, kí o kọ ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ipò tirẹ̀ ni, tàbí èyí tó jogún, tàbí ẹgbẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́. Dá àkáǹtì ìdánwò kan fún ipò kọ̀ọ̀kan, wọlé bí ẹni yẹn, kí o tẹ bọ́tìnnì náà fúnra rẹ, nítorí ohun tí ojú ìwé ètò sọ àti ohun tí bọ́tìnnì ṣe lè yàtọ̀. Orúkọ tó bá fara hàn nínú ju ọ̀kan lọ nínú ìwé mẹ́ta yẹn, fi bírò pupa yí i ká. Fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú orúkọ sọ́fítíwíà yín àti nọ́ńbà version rẹ̀, kí a lè jọ wo èyí tí a óò kọ́kọ́ gé.